Ipò Kìíní ní Kíláàsì kò tó fi wọ Yunifásítì

Ọ̀pọ̀ òbí ní Sábó, ní Ilé-Ifẹ̀, a máa béèrè pé: ọmọ mi ń ṣe ipò kìíní láti ọdún yìí wá, kí ló dé tí yunifásítì tí ó wà nítòsí wa kò gbà á? Àwọn olùkọ́ kan tilẹ̀ ní ó yẹ kí ipò tí ọmọ ń gbà ní kíláàsì wà lára ohun tí yóò mú un wọlé. Èmi kò fara mọ́ ọn.

Ipò kìíní láàárín ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í ṣe ẹgbẹ́ ipò kìíní láàárín àádọ́rùn-ún. Ẹni tí ó ṣe ìkẹwàá níbi tí olùkọ́ Físíìsì wà lè mọ̀wé ju ẹni tí ó ṣe ìkíní níbi tí kò sí. Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1997 ní kí yunifásítì ìjọba gba ọmọ tí ó bá wà nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá tí ó ṣíwájú ní kíláàsì rẹ̀. Ó ṣí ọ̀nà fún ọmọ abúlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní 2009, wọ́n ní láti fi gbèdéke sí i fún yunifásítì tí ó wà ní Austin, nítorí àwọn tí òfin náà ń mú wọlé ti gba àyè jù.

Ìwọ̀n tí a fi ń wọn ìwé mẹ́wàá ni ọ̀rọ̀ wà. JAMB dé ní 1978. Láti 2005 ni ìdánwò tí yunifásítì ń ṣe fúnra wọn ti kún un. Nínú ìṣirò tí Ifẹ̀ ti lò, JAMB kó 50 nínú 100, ìdánwò yunifásítì kó 40, ìwé mẹ́wàá kó 10 péré. Iṣẹ́ ọdún mẹ́fà, 10. Iṣẹ́ wákàtí díẹ̀, 90! Bí ibà bá dá ọmọ dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ JAMB, ọdún kan gbáko lè lọ.

Wọn yóò ní jìbìtì pọ̀ nínú ìdánwò WAEC. Òtítọ́ ni, ìtìjú sì ni, ṣùgbọ́n a kì í tìtorí olè kí a má ná ọjà mọ́. Máàkì àárín ọdún tí olùkọ́ ń fi ránṣẹ́ sì ti wà nínú ìwé-ẹ̀rí náà. Kí ni a tún ń fi ipò ṣe?

Ohun mìíràn wà tí ipò kìíní kò lè borí. Nínú 100 àyè ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ètò ni pé kí 45 jẹ́ ti àwọn tí máàkì wọn ga jù, 35 ti àwọn ìpínlẹ̀ àyíká, 20 ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ wọn kò tíì gòkè. Ní Sábó, ọmọ Ifẹ̀ àti ọmọ Hausa tí a bí sí àdúgbò kan náà lè jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Bí baba ọ̀kan bá jẹ́ ará Kánò, inú 20 ni tirẹ̀ wà, inú 35 ni ti ìkejì. Máàkì kan náà lè mú ọ̀kan wọlé, kí ó má mú ìkejì.

Ní tèmi, kí wọ́n yọ 20 kúrò nínú 50 JAMB, kí wọ́n fi kún 10 ìwé mẹ́wàá.