Ẹ Yẹ Epo Wò Kẹ́ Ẹ Tó Ra Kẹ́míkà

Bí alùpùpù bá ti ń kú lójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ á sáré lọ sí Owódé Onírin lọ ra kẹ́míkà inú ìgò tí wọ́n ń dà sínú epo. Lójú tèmi, owó yẹn lè ṣòfò.

Ní oṣù Kejì 2022, ìjọba ní kí wọ́n kó epo bẹntiróòlù kan kúrò lọ́jà torí methanol inú rẹ̀ ti pọ̀jù. Methanol àti ethanol, ọtí ni àwọn méjèèjì. Ọtí máa ń fa omi mọ́ra. Tí omi bá pọ̀, tòun tọtí á sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ táńkì, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa epo. Kẹ́míkà kan lè fọ ìdọ̀tí kàbúrétọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò lè yọ ọtí kúrò nínú epo.

Ẹ bu omi díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, kẹ́ ẹ fàmì síbi tó dé. Ẹ da epo lé e, ẹ dé e, ẹ mì í, kẹ́ ẹ jẹ́ kó silẹ̀. Ẹ má ṣe é nítòsí iná o! Bí omi bá ga ju àmì lọ, ọtí wà níbẹ̀: ẹ tú epo náà jáde, kẹ́ ẹ pààrọ̀ ilé epo. Bí kò bá ga, ọtí kọ́ ló fà á. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wo púlọ́ọ̀gì.