Láti Kàdúná dé Chelsea: Kí Ló Bọ́ Sọ́wọ́ Àwọn Tó Kọ́ Babayaro Ní Bọ́ọ̀lù?

Bí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Kàdúná bá fẹ́ fi ọmọ ìlú náà yangàn nínú eré bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, orúkọ Rashidi Yekini ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lẹ́nu. Kò sì sí ẹni tí yóò bá wọn jà sí i. Ọmọ Irá ní ìpínlẹ̀ Kwara ni, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí i sí ní 1963, òun náà ló sì gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé fún Nàìjíríà nínú ìdíje Ife Àgbáyé, ní ọdún 1994. Síbẹ̀, orúkọ mìíràn wà tí ó yẹ kí àwọn òbí tí ọmọ wọn ń sá lọ gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé ìwé fara balẹ̀ gbé yẹ̀ wò. Celestine Babayaro ni. Ẹ̀yìn lápá òsì ni ó ń ṣọ́, iṣẹ́ tí ariwo rẹ̀ kì í pọ̀ bí ti atamátàsé.

Ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1978 ni wọ́n bí Babayaro ní Kàdúná. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 1993, nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé ọdún 17 fi góòlù 2 sí 1 lu Gánà ní Tokyo, tí wọ́n sì gba ife àgbáyé, ọjọ́ mẹ́fà péré ni ó fi lé ní ọmọ ọdún 15. Ẹgbẹ́ Plateau United ti ìlú Jos ni ó wà kí Anderlecht ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tó wá mú un lọ ní 1994. Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ó wọ pápá fún Anderlecht nínú ìdíje Champions League pẹ̀lú Steaua Bucharest. Kò tíì pé ọmọ ọdún 16 àti oṣù mẹ́ta. Kò sí ọmọdé bíi tirẹ̀ tó ti gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje náà rí, ọdún 26 ni ó sì gbà kí ẹlòmíràn tó já ipò yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí Kàdúná ń ṣe lásìkò náà kì í ṣe kékeré. Láti 1992 ni wọ́n ti ń fún agbábọ́ọ̀lù tó dáńtọ́ jù lọ nínú àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà ní Bẹ́ljíọ̀mù ní bàtà ẹ̀yẹ tí wọ́n ń pè ní Ebony Shoe. Nínú márùn-ún àkọ́kọ́, ọmọ tí wọ́n bí ní Kàdúná ló gba mẹ́rin: Daniel Amokachi ní 1992 àti 1994, Babayaro ní 1995 àti 1996. Nígbà tí Nàìjíríà lọ gba wúrà ìdíje Òlíńpíìkì ní Amẹ́ríkà ní 1996, àwọn méjèèjì yìí wà níbẹ̀, Tijani Babangida àti Garba Lawal wà níbẹ̀, Emmanuel Babayaro tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Celestine sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣọ́lé. Àwọn tó bá wo àṣekágbá ìdíje náà yóò rántí pé Ajẹntínà ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé. Babayaro, adènà, ló fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé tí ó fi di 1 sí 1, kí Amokachi àti Emmanuel Amuneke tó parí iṣẹ́ sí 3 sí 2.

Ní 1997 ni Ruud Gullit, tó ń darí Chelsea nígbà náà, rà á lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Iye tí ìròyìn ìgbà náà sọ ni mílíọ̀nù pọ́n-ùn 2.25. Wàhálà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kíá. Àṣà rẹ̀ ni láti máa ta òkìtì bí ó bá ti gbá góòlù wọlé. Nínú ìdíje ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ pẹ̀lú Stevenage, kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ó tún ta òkìtì bẹ́ẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ ṣẹ́. Kò tíì gbá líìgì kan fún ẹgbẹ́ tuntun rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, Chelsea ra Graeme Le Saux padà, ẹni tó ń ṣọ́ ibi kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń bá a lọ: ọdún bíi méje ààbọ̀ ni ó lò níbẹ̀, ìdíje tó gbá súnmọ́ igba, síbẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọdún kan tí ipò náà jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ó wà nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ àṣekágbá ife FA ní ọdún 2000, nígbà tí Chelsea na Aston Villa ní 1 sí 0 ní Wembley àtijọ́. Nígbà tí Roman Abramovich ra Chelsea ní 2003, tí owó sì ń ya bí omi, Wayne Bridge ni wọ́n rà sí ipò rẹ̀. Ní oṣù kìíní 2005, ó kọjá sí Newcastle, níbi tí ìfarapa kò ti jẹ́ kí ó rímú mí. Ní oṣù kìíní 2008, ó lọ sí Los Angeles Galaxy, níbi tí Gullit yìí kan náà ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Kí líìgì tó bẹ̀rẹ̀, àdéhùn náà ti tú. Ọmọ ọdún 29 ni.

Ẹ wo ìrìn Yekini lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ UNTL ní Kàdúná ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1981. Ó lọ sí Shooting Stars ti Ìbàdàn, ó lọ sí Abiola Babes ti Abẹ́òkúta, ó lọ sí Africa Sports ní Abidjan, kó tó dé Setúbal ní ilẹ̀ Potogí ní 1990, nígbà tó ti ń lọ sí ọmọ ọdún 27. Àkàbà ni ó gùn, ìpele kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì jẹ́ ẹgbẹ́ tó ní olówó lẹ́yìn nílé. Àkàbà yẹn ti ṣẹ́ ní Kàdúná. Ranchers Bees, ẹgbẹ́ tí Amokachi ti jáde wá, dé àṣekágbá ife Cup Winners' Cup ilẹ̀ Áfíríkà ní 1988, góòlù kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ Bizerte ti Tùnísíà sì fi jù wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ògo ẹgbẹ́ náà wọmi. Kaduna Textiles ti ilẹ̀kùn ní 2002. UNTL náà tì í ní 2007, ó sì di 2010 kí wọ́n tó tún un ṣí. Ilé iṣẹ́ tí kò lè san owó oṣù kò ní ra bàtà fún agbábọ́ọ̀lù.

Ohun tó kù fún ọmọ Kàdúná, lójú ọ̀pọ̀ òbí, ni kí ó fò bí Babayaro ṣe fò. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀nà tí Babayaro gbà ti dí. Láti 2001 ni àjọ FIFA ti fi òfin dè é pé ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti ilẹ̀ òkèèrè, àyàfi ní ọ̀nà díẹ̀, irú bíi kí òbí ọmọ náà ti ṣí lọ síbẹ̀ fún ìdí tí kò jẹ mọ́ bọ́ọ̀lù. Nítorí náà, ẹni tó bá wá bá òbí ní Tudun Wada tàbí Kakuri lónìí, tó ní òun yóò mú ọmọ ọdún 16 lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù, tó sì ń béèrè owó ìwé ìrìnnà, ohun tí òfin kọ̀ ló ń tà.

Òfin ọdún yẹn kan náà ní apá kejì tí kò tíì yé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ẹgbẹ́ kan bá ra agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó parí, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó kọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 títí dé 23. Ká ní òfin yìí ti wà nígbà tí Chelsea ra Babayaro, ẹgbẹ́ tó bá tọ́ ọ ní ọmọ ọdún 12 sí 15 ì bá gba pọ́n-ùn 5,625 fún ọdún kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ 22,500 fún ọdún mẹ́rin. Kò tó owó tí ènìyàn fi ń kọ́ pápá ìṣeré, ṣùgbọ́n ó tó ra bàtà àti bọ́ọ̀lù fún ọmọ àdúgbò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lára ohun tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó san án ni ẹ̀rí pé wọ́n ti fi orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ náà lọ́dọ̀ àjọ tó ń bójú tó bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ tí kò ní ìwé, tí bàbá kan ń fi owó àpò rẹ̀ gbọ́ bùkátà rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kò ní ohun tí yóò nà jáde nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá di olówó. Èyí ni ohun tí ó yẹ kí òbí kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ní òun ń kọ́ ọmọ wọn ní bọ́ọ̀lù, ṣáájú ọ̀rọ̀ Yúróòpù.

Ọmọ tó gba ipò lọ́wọ́ Babayaro nínú Champions League, ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ni Youssoufa Moukoko ti Borussia Dortmund. Yaoundé ni wọ́n ti bí i. Kì í ṣe alágbàtà ló mú un dé Jámánì. Bàbá rẹ̀ tó ti ń gbé ní Hamburg ni ó lọ bá ní 2014, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá.