Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ẹ̀rọ Ìfági: 'Eré' Nìkan Kò Tó

'Eré' ni ọ̀rọ̀ tí ó sábà máa ń wá sí ẹnu olùtumọ̀ bí ó bá ń kọ nípa ẹ̀rọ tí ó ń fi abẹ ayíbírí fá pákó. Ọ̀rọ̀ náà kò tó. Eré méjì ni ó wà níbẹ̀: eyí tí abẹ fi ń yí, àti eyí tí pákó fi ń kọjá lẹ́nu abẹ. Bí ìwé bá ní kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ 'dín eré kù', èwo ni yóò dín?

Bí abẹ ẹlẹ́nu méjì bá yí ní ìgbà 18,000 ní ìṣẹ́jú kan, yóò gé pákó ní ìgbà 36,000. Bí pákó bá rin mítà 9 láàárín ìṣẹ́jú náà, èérún tí ẹnu abẹ ń bù lẹ́ẹ̀kan jẹ́ mìlímítà 0.25. Bí ó bá rin mítà 1.8 péré, èérún di mìlímítà 0.05, abẹ kò gé igi dáadáa mọ́, ó ń ha á ni, ojú pákó yóò sì jó. Ẹni tí ó bá tún dín ìrìn pákó kù níbẹ̀ ń bu epo sí iná ni. Nítorí náà, ó yẹ kí 'eré ìyí' jẹ́ ti abẹ, kí 'eré ìrìn' sì jẹ́ ti pákó.

Ti ìhà tí pákó ń lọ ṣe pàtàkì jù, nítorí ìka ọwọ́ wà nínú ewu. Bí pákó bá lòdì sí yíyí abẹ, abẹ yóò máa tì í padà sí ọwọ́ oníṣẹ́; ìkápá wà, ṣùgbọ́n ojú igi lè ya. Bí pákó bá ń bá yíyí abẹ lọ, ojú igi sábà máa ń dán, ṣùgbọ́n abẹ lè já pákó gbà kí ó sì fa ọwọ́ mọ́ ọn. Gígun òkè ni orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ọ̀nà kejì yìí ń sọ. Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò mú kí akẹ́kọ̀ọ́ máa wá ohun tí ó ń gòkè, kò sì ní fura sí ewu. 'Fífá alòdì' àti 'fífá abárìn' sàn jù.

Yíyá ọ̀rọ̀ lò kò burú fún orúkọ irinṣẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ ìlànà gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ọwọ́ yóò ṣe. Kí ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí tó wọ ìwé ẹ̀kọ́, ó yẹ kí àwọn olùkọ́ kọ́kọ́ gbé wọn lọ sí ìsọ̀ àwọn káfíńtà fún àyẹ̀wò.