Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ọ̀rọ̀ Mi Sí Àwọn Onífọ́mààtì

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi tí ẹ kò fi gbúròó mi. Ilé ni mo kó, láti Abẹ́òkúta wá sí Ìbàdàn, ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá orí tábìlì tí mo fi ń kọ̀wé sì kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun kò ní í ṣiṣẹ́ nílé tuntun. Ohun tí ojú mi rí lórí ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Bí ọ̀rọ̀ mi bá le díẹ̀, ẹ foríjì mí. Inú ló ń bí mi.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo ń bá jà: "Ẹ jẹ́ ká fọ́mààtì ẹ̀." Kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbọ́: láti fọ́mààtì ẹ̀rọ ni láti pa gbogbo ohun tó wà nínú hard disk rẹ̀ rẹ́, kí a sì to Windows tuntun sínú rẹ̀. Ó rọrùn fún ẹnjiníà, owó rẹ̀ sì dájú. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dárúkọ fọ́mààtì fún ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn-àjò dé, tí kò tíì tú ìdérí rẹ̀ wò, kì í ṣe oníṣègùn ẹ̀rọ. Abẹ́nilórí ni.

Kí ló wà nínú hard disk mi tí mo fi ń pariwo báyìí? Ohùn ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti sun ẹkún ìyàwó nígbà tí wọ́n ń lọ sílé ọkọ. Lọ́jọ́ kan tí ara wọn le, mo gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú wọn, wọ́n sì tún un sun fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Wọ́n ti wọ káà ilẹ̀ sùn báyìí. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni mo ní, inú ẹ̀rọ yìí ló sì wà. Ẹ bú mi fún ìyẹn, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹnjiníà tó fẹ́ pa á rẹ́ kò tilẹ̀ bi mí pé kí ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ. Orí ọkọ̀ akẹ́rù ni ẹ̀rọ náà gùn wá, láàárín bẹ́ẹ̀dì àti àpò gàrí. Kòtò tí ọkọ̀ náà bọ́ sí lójú ọ̀nà kò lóǹkà. Nígbà tí mo wá tan ẹ̀rọ, fáànù rẹ̀ yí, ó ń ké bíì, bíì, bíì, ṣùgbọ́n ojú mọ́nítọ̀ dúdú bí kóró iṣin.

Igbe yẹn kì í ṣe ariwo lásán. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ló kọ́ ọ láti máa fi iye igbe àti gígùn rẹ̀ sọ ibi tó ń dùn ún, nígbà tí kò bá lè fi àwòrán sọ ọ́. Àrokò ni. Ìwé tó bá motherboard wá ni yóò túmọ̀ rẹ̀, nítorí olúkúlùkù ilé-iṣẹ́ ló ní àrokò tirẹ̀. Tèmi ní mẹ́mọ́rì ni. Mo yọ okùn iná, mo tẹ bọ́tìnnì ìtanná kí iná tó ṣẹ́kù lè tán, mo fọwọ́ kan irin ara àpótí rẹ̀ kí iná ara tèmi má baà pa nǹkan kan níbẹ̀, mo sì tú ìdérí. Ọ̀kan nínú RAM méjèèjì ti yọ díẹ̀ nínú ihò rẹ̀. Mo yọ ọ́, mo fi aṣọ mímọ́ gbígbẹ nu ẹnu rẹ̀ aláwọ̀ wúrà, mo tì í padà títí ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi dún. Àwòrán yọ. Fọ́mààtì wo ló lè ti RAM padà sínú ihò?

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ àìsàn ẹ̀rọ tó ti ìrìn-àjò dé ṣe rí. Káàdì àwòrán lè tẹ̀ nínú ihò rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n. Okùn SATA tó so hard disk mọ́ motherboard lè yọ lẹ́nu. Àwa fúnra wa, lálẹ́ àkọ́kọ́ nílé tuntun, lè ki okùn mọ́nítọ̀ bọ ihò ara motherboard dípò ti káàdì àwòrán, ká wá máa wo ojú dúdú. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ míì tilẹ̀ ní bọ́tìnnì pupa kékeré lẹ́yìn, tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Bí ó bá wà lórí 115, tí a sì kì í bọ iná wa níbí, ó lè jóná lójú ẹsẹ̀. Ojú ni a fi ń rí gbogbo èyí, ọwọ́ ni a sì fi ń tún un ṣe.

Àmọ́ wàhálà mi kò tán. Ẹ̀rọ náà sọ fún mi pé ètò ìbẹ̀rẹ̀ òun ti parẹ́, aago rẹ̀ sì ti padà sí ọdún àtijọ́. Windows bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ojú mọ́nítọ̀ di búlúù, ó sì kọ INACCESSIBLE BOOT DEVICE síbẹ̀. Ìgbà yìí ni mo gbé e lọ sí ìsọ̀ ẹnjiníà kan nítòsí. Kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ. Kò wo aago. Ó wo ojú búlúù yẹn, ó ní, "Windows yín ti bàjẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká fọ́mààtì ẹ̀." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé ẹrù mi.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Bátìrì róbótó kan wà lórí motherboard tó jọ owó wẹ́wẹ́. CR2032 ni wọ́n ń pè é: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20, nínípọn rẹ̀ jẹ́ 3.2, agbára rẹ̀ sì jẹ́ fólìtì 3. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ gbàgbé aago àti ètò ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí kò bá sí iná. Bí okùn bá wà lára iná, ẹ̀rọ ń rí ìwọ̀nba iná fà bí a tilẹ̀ pa á. Nítorí náà, bátìrì tó ti rẹ̀ lè máa rọ́jú láti ọjọ́ dé ọjọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì nínú páálí láìrí iná rárá ni ó tú u fó.

Nígbà tí ètò ìbẹ̀rẹ̀ parẹ́, ẹ̀rọ padà sí ìṣe tí wọ́n bí i mọ́. AHCI ni ọ̀nà tí Windows mi fi ń bá hard disk sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ti yí i sí RAID. Ó dà bí ẹni tó dé ilé rẹ̀ tó bá a pé wọ́n ti pààrọ̀ àgádágodo. Ilé kò wó, ẹrù inú rẹ̀ kò sọnù, kọ́kọ́rọ́ ni kò bá a mu mọ́. Mo ra bátìrì tuntun, mo tún aago ṣe, mo dá AHCI padà. Windows ṣí bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ẹnjiníà wa ì bá ti dáná sun ilé nítorí kọ́kọ́rọ́.

Ìpele kẹta ni ti dráífà, níbí ni mo sì ti fẹ́ bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè jà díẹ̀. Ẹni tó bá túmọ̀ dráífà sí awakọ̀, kí ló ní ó ń wà? Dráífà kì í wa ohunkóhun. Àárín Windows àti ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ló ń dúró sí, ó ń gbọ́ èdè èkínní, ó ń sọ ọ́ fún èkejì. Ògbufọ̀ ni Yorùbá ń pe ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí a bá pè é ní awakọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò há orúkọ sórí láìmọ iṣẹ́. Bí a bá pè é ní ògbufọ̀, orúkọ náà fúnra rẹ̀ yóò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò bá sí níbẹ̀.

Okùn ni mo fi ń gba íntánẹ́ẹ̀tì nílé àtijọ́. Ilé tuntun kò ní, mo sì ra ẹ̀rọ Wi-Fi kékeré tí a ń kì bọ ihò USB. Windows kò mọ̀ ọ́n. Nínú Device Manager, àmì ìyanu wà lára rẹ̀ nínú onígun mẹ́ta aláwọ̀ yẹ́lò: àlejò ti wọlé, ògbufọ̀ kò sí. Mo pe ẹnjiníà ọjọ́sí lórí fóònù pé bóyá ó ní dráífà rẹ̀. Ẹ gbọ́ èsì: "Mo kúkú sọ fún yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbé e wá ká fọ́mààtì ẹ̀."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi rò ó. Ògbufọ̀ kan ṣoṣo ni kò sí, ẹ wá fẹ́ lé gbogbo ògbufọ̀ tó wà nílé jáde kí ọ̀kan yẹn lè dé? Windows tuntun lè má mọ káàdì àwòrán, kó fi Microsoft Basic Display Adapter dí i, bí ẹni tí kò rí àdán tó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ó lè má mọ ihò okùn íntánẹ́ẹ̀tì pàápàá, kí a wá máa wá íntánẹ́ẹ̀tì tí a ó fi gba dráífà íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó tọ́ kò ju pé ká béèrè orúkọ àlejò lọ. Bí a bá ṣí Properties rẹ̀, tí a lọ sí Details, tí a yan Hardware Ids, a ó rí àmì kan tó dà bí ilà ojú tí a fi ń mọ ìlú ẹni. VEN_8086 ni Intel, ilé-iṣẹ́ tó gbé 8086 jáde ní 1978. VEN_10DE ni NVIDIA. VEN_1002 ni AMD. VID ni ti àwọn ohun tí a ń kì bọ USB. Tèmi kọ VID_0BDA, Realtek nìyẹn. Mo fi okùn USB so fóònù mi mọ́ ẹ̀rọ, mo ti ibẹ̀ rí íntánẹ́ẹ̀tì lò, mo gba dráífà tó yẹ, iṣẹ́ parí. Kò pẹ́ tó kí ìkòkò iṣu kan jinná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀rọ kọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ẹlòmíràn lọ. Ọ̀pọ̀ wa ló ní ìwé tí a tẹ̀ kí Unicode tó gbilẹ̀, tí a fi fọ́ǹtì àdáṣe tẹ̀, níbi tí wọ́n ti gbé ẹ àti ọ gun orí àmì mìíràn. Láìsí fọ́ǹtì náà, wótòwótò ni ìwé yẹn. Unicode fún ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ tó ní àmì lókè kò ní àyè kan ṣoṣo. Àmì lé lórí àmì ni, ìdí nìyí tí àwọn kan nínú wa fi ń lo kíbọ́ọ̀dù tí a fọwọ́ ara wa tò. Inú Windows ni fọ́ǹtì àti kíbọ́ọ̀dù ń gbé. Bí ẹnjiníà bá tilẹ̀ ṣàánú wa, tó kó Documents pamọ́ kó tó fọ́mààtì, ṣé ó máa rántí àwọn méjì yìí?

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn oníbàárà kì í fẹ́ sanwó àyẹ̀wò, fọ́mààtì nìkan ni wọ́n gbà pé ó jẹ́ iṣẹ́. Òótọ́ ni, ẹ̀bi tiwa sì wà ńbẹ̀. Èmi náà kò sọ pé fọ́mààtì kò ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí fáírọ́ọ̀sì bá ti ba ètò jẹ́ kọjá àtúnṣe, tí a sì ti da ohun inú rẹ̀ kọ síbòmíràn, kí a fọ́mààtì. Òpin ọ̀nà ni, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà. Bí hard disk bá sì ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́ lẹ́yìn ìrìn-àjò, ẹ pa ẹ̀rọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má tàn án mọ́, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ bí a ti ń gba ẹrù lọ́wọ́ disk tó ń kú lọ.

Kí ló kan èdè Yorùbá nínú gbogbo èyí? Babaláwo kì í já ewé kó tó dá Ifá. Oníṣègùn a bi aláìsàn pé níbo ló ń dùn ọ́, láti ìgbà wo, kí lo jẹ. Àyẹ̀wò kì í ṣe àjèjì sí wa. Ṣùgbọ́n bí a bá dé iwájú ẹnjiníà, "kò ṣiṣẹ́" nìkan ló máa ń wà lẹ́nu wa. Ẹni tí kò lè sọ ibi tó ń dùn ún, ohun tí wọ́n bá fún un ni yóò gbé mì. Àwọn kan sì ń sọ pé Yorùbá kò gba ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ! Mo ti fi sọ ti àrokò, ti bátìrì àti ti ògbufọ̀ láti òkè títí dé ìsàlẹ̀ níbí. Ta ni kò yé?

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún fẹ́ fọ́mààtì ẹ̀rọ yín, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni orúkọ àìsàn náà? Kí lo ti yẹ̀ wò? Ibo lo kó ohun inú rẹ̀ pamọ́ sí? Bí kò bá rí ọ̀kan dáhùn nínú wọn, ẹ gbé ẹrù yín.

Ohùn ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti wà ní ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ báyìí. Mo tún gbọ́ ọ lálẹ́ àná. Ibì kan wà tí wọ́n dá ẹkún dúró, tí wọ́n bi mí pé, "Ṣé ẹ̀rọ rẹ yìí ń gbọ́ mi?" Mo sì gbọ́ ohùn ara mi tó dáhùn pé, "Ó ń gbọ́ yín, mà."

Ire o.