Ìka Kò Dọ́gba: Bí A Ṣe Lè Jọ Gbafẹ́ Kọjá Sẹ̀mẹ̀

Bí ìsinmi bá ti ń sún mọ́lé, ẹni tí ń gbé ní ẹ̀bá òkun Àgbádárìgì kò nílò ọkọ̀ òfurufú kí ó tó dé ilẹ̀ òkèèrè. Bí a bá ti kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, a ti wọ orílẹ̀-èdè Benin. Ohun tí ó nira ni bí ọ̀dọ́kùnrin tí ń sáré ní àràárọ̀, ìyá tí orúnkún ń dùn, àbúrò bàbá tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọmọ ọdún mẹ́fà yóò ṣe jọ gbádùn ìrìn-àjò kan náà. Nígbà púpọ̀, ẹni tí ara rẹ̀ le jù ni ó máa ń ṣètò. Àwọn yòókù a sì di ẹni tí à ń fà lẹ́yìn.

Ẹ má ṣe bi àgbàlagbà bóyá ara rẹ̀ le. "Ara le, a dúpẹ́" ni yóò fi dá yín lóhùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ògiri ni ó dì mú kí ó tó dìde. Ẹ kúkú bi í pé: "Mọ́mì, ìgbà wo ni ẹ rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìjókòó kẹ́yìn?"

Lẹ́yìn èyí, ẹ dán ìrìn náà wò nílé. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gbẹrẹfu, kí ẹ sì rin ọ̀nà tí a mú àwọn ẹrú gbà dé etí òkun. Yanrìn a máa fa ẹsẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò lè purọ́ okun ara níbẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tí ó kọ́kọ́ wá ibi ìjókòó àti iye ìṣẹ́jú tí ó ti rìn. Òun ni òṣùwọ̀n yín. Ẹni tí àyà bá ń dùn tàbí tí mímí nira fún, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn eré ìdárayá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ fún àgbàlagbà. Ẹni tí kò tíì dé ibẹ̀ lè máa fi díẹ̀díẹ̀ kún ìrìn rẹ̀ láti oṣù méjì ṣáájú.

Ní Benin, ẹ jẹ́ kí ibi tí ẹ ń lọ jẹ́ ọ̀kan, kí ọ̀nà tí ẹ ó gbà débẹ̀ sì pọ̀. Ọ̀nà Ẹrú ní Ouidah tó nǹkan bíi kìlómítà 4 láti inú ìlú dé Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ ní etí òkun. Kí àwọn alágbára rin gbogbo rẹ̀ ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú. Kí ìyá àti ọmọdé wọ ọkọ̀, kí wọ́n dúró dè wọ́n nítòsí òkun, kí gbogbo ìdílé sì jọ fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Bí ìyá bá jókòó sí ilé ìtura tí ó ń retí àwọn ọmọ rẹ̀, kò lọ sí ìsinmi. Ó kàn lọ ṣọ́ ẹrù ni.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ wọ ọkọ̀ láti Abomey-Calavi lọ sí Ganvié, ìlú tí a kọ́ sórí òpó nínú ọ̀sà Nokoué. Ìjókòó ni gbogbo yín yóò fi wo ìlú náà. Kí ẹnìkan ṣáà di àgbàlagbà mú bí ó bá ń wọkọ̀ tàbí tí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Òkè Agou ní Togo, tí ó ga tó mítà 986, jẹ́ ìrìn-àjò mìíràn fún àwọn tí ó wù láti gun òkè.

Ẹ má ṣe lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun yìí. Ìgbì rẹ̀ lágbára, ó sì ń fa ènìyàn lọ. Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS kò nílò físà fún 90 ọjọ́, ṣùgbọ́n ẹ mú ìwé ìrìnnà àti yẹ́lò káàdì dání. Kí oògùn wà nínú àpò ọwọ́, kí ó má ṣe sí nínú ẹrù ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ìka kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ni gbogbo wọn wà. Ẹni tí ó rọra ń rìn ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ tó mú ọjọ́.