Gíà Oníkílọ́ọ̀ṣì Méjì àti Ọ̀nà Nyanya

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti oríkì tàbí ti àṣà ìgbéyàwó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irú ìyẹn ni ẹ mọ̀ mọ́ ojú ewé yìí jù. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò ó pé kí ló kan ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú gíà mọ́tò, kí olúwarẹ̀ ka iye àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n wọn ń fi mọ́tò kékeré kó èrò láti Mararaba dé Wuse kí owó ilé ìwé tó lè jáde. Ọjọ́ tí gíà mọ́tò bẹ́ẹ̀ bá kú, ọmọ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Gíà kan wà tó ń da irú ilé bẹ́ẹ̀ láàmú báyìí. Oníkílọ́ọ̀ṣì méjì ni à ń pè é. Àwọn kan ti gbé e gégùn-ún pé pàǹtí ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn mìíràn ní ọ̀làjú ni, pé àwa ni a kò mọ ọkọ̀ wà. A kò gba ti ẹnì kankan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Gíà ọ́tò tí àwọn bàbá wa mọ̀, irú èyí tó wà nínú Corolla àti Camry àtijọ́, epo ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé ara gíà. Bí mọ́tò bá ń rá pálá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, epo ló ń yọ̀ láàárín, kò sí irin tó ń ha irin. Oníkílọ́ọ̀ṣì méjì kò rí bẹ́ẹ̀. Gíà mánúà gan-an ni, àfi pé kọ̀ǹpútà ló ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì dípò ẹsẹ̀ awakọ̀. Kílọ́ọ̀ṣì kan ń mú gíà kìn-ín-ní, ìkẹta àti ìkarùn-ún. Èkejì ń mú ìkejì, ìkẹrin àti ìkẹfà. Bí ọ̀kan ṣe ń jọ̀wọ́ rẹ̀ ni èkejì ti ń gbà á, kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ṣẹ́jú.

Nítorí eré ni wọ́n ṣe ń fẹ́ràn rẹ̀. Porsche ti ń fi í sáré ìdíje ní nǹkan bí ọdún 1986, ṣùgbọ́n ọdún 2003 ni Volkswagen kọ́kọ́ fi í sínú ọkọ̀ tí gbogbo ayé lè rà, ìyẹn Golf R32. Nissan GT-R gbé tirẹ̀ dé ní 2007, Porsche 911 sì tẹ̀lé e ní 2008. Irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kò ṣọ̀wọ́n ní Maitama àti Asokoro, àwọn mìíràn nínú àwọn tó ni wọ́n sì ń gbé wọn lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé kì í ṣe wọn ni gíà wọn ń tètè kú jù. Inú epo ni kílọ́ọ̀ṣì wọn wà, epo náà sì ń tù ú lójú. Ohun tó ba gíà GT-R àkọ́kọ́ kan jẹ́ ni àwọn tó ń fi ìbínú gbéra láti ojú kan náà, tí táyà ń pariwo, títí Nissan fi tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe kí agbára náà lè dínkù.

Ibi tí wàhálà wà ni ọkọ̀ kékeré. Nítorí kí epo bẹntiróòlù má baà jó jù, kí owó rẹ̀ sì wálẹ̀, àwọn tó ṣe é yọ kílọ́ọ̀ṣì kúrò nínú epo, wọ́n fi í sílẹ̀ ní gbígbẹ, kí afẹ́fẹ́ nìkan máa tù ú. Ford ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Fiesta ti 2011 sí 2016 àti Focus ti 2012 sí 2016. Ọkọ̀ ń gbọ̀n jìgìjìgì bí ó bá fẹ́ gbéra. Ní 2018, ilé ẹjọ́ ní Australia ní kí Ford ibẹ̀ san mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là owó wọn nítorí bí ó ṣe hùwà sí àwọn tó mú ẹ̀sùn wá. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn owó ìtanràn fún àwọn tó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní 2020.

Ti Volkswagen ló bá wa mu jù. Gíà gbígbẹ olójú méje tiwọn dé ní 2008. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2013, tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ṣáínà gbé ẹ̀sùn rẹ̀ jáde, kò sì pẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà fi pe ọkọ̀ 384,181 padà níbẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó tún pe nǹkan bí mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ó lé díẹ̀ padà káàkiri ayé kí wọ́n lè pààrọ̀ epo gíà wọn, nítorí pé iná mànàmáná inú gíà ń dàrú, pàápàá níbi tí oòrùn ti mú tí ọkọ̀ sì ń dúró ń rìn, ń dúró ń rìn.

Ẹ̀yin ará, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Oòrùn tó mú, ọkọ̀ tó ń dúró tó ń rìn. Kí ni ẹ fẹ́ pe ọ̀nà Nyanya ní aago méje àárọ̀ nínú oṣù Ẹrẹ́nà? Láti Mararaba títí dé AYA, mọ́tò a sún ìgbésẹ̀ kan, a dúró. A sún ìgbésẹ̀ kan, a dúró. Gbogbo ìgbà tó bá sún báyẹn ni kílọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ń ha ara rẹ̀, tí ó ń gbóná. Kò sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò kó má rùn ìgbẹ́. Ẹ̀gbọ́n kan tí a mọ̀ yá owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ra tòkunbọ̀ kan tí a kò ní dárúkọ rẹ̀. Kò pé ọdún tí gíà fi kọ̀ láti wọlé, gbèsè owó mọ́tò sì ń bẹ nílẹ̀ síbẹ̀.

Ta ni kí á wá bá wí? Lójú tiwa, ẹni tó tà á ló kọ́kọ́ jẹ̀bi. Ẹni tó ń ta tòkunbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì yóò sọ fún ọ pé ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń dá òtútù, yóò sọ pé awọ ni ìjókòó rẹ̀. Bí o bá bi í léèrè gíà, “ọ́tò ni” ni gbogbo ohun tí yóò wí. Ọ́tò ha jẹ́ ọ̀kan náà bí? Púpọ̀ nínú àwọn mẹkáníìkì wa náà ń dá kún un. Epo ọ́tò lásán ni àwọn kan ń dà sínú gíà tó ní epo tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn mìíràn ń pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì láìfi kọ̀ǹpútà kọ́ gíà bí yóò ṣe máa di tuntun náà mú. Ká fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá nìyẹn.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi mọ́tò jẹun lọ́nà Nyanya, kó jìnnà sí èyí tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gbẹ, bó ti wù kí ó dán tó. Ẹni tó bá ra èyí tó wà nínú epo, irú bí Mercedes CLA 250 tí àwọn ọ̀dọ́ ń lé kiri báyìí, kó máa pààrọ̀ epo gíà nígbà tí ìwé ọkọ̀ bá ní kó pààrọ̀ rẹ̀, kó sì ti mọ̀ pé àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe owó kékeré. Ẹni tó sì ti ra gbígbẹ, kó má máa fi ẹsẹ̀ lórí ìtẹ̀ iná dá ọkọ̀ dúró lórí òkè. Kó tẹ bíréèkì dáadáa, nítorí bíréèkì ló ń mú kí kílọ́ọ̀ṣì jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Kó jẹ́ kí ọ̀nà ṣí díẹ̀ níwájú kó tó gbéra. Àwọn tó wà lẹ́yìn yóò fun fèrè, ẹ jẹ́ kí wọ́n fun ún.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé: ṣé oníkílọ́ọ̀ṣì méjì ni, ṣé inú epo ló wà àbí ó gbẹ? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ mú mẹkáníìkì tó ní kọ̀ǹpútà dání padà wá lọ́jọ́ kejì.