Ẹ Fi Ìwé Owó Dán Wọn Wò

Láti ìgbà tí NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, ti gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n ń pè ní CCMAS jáde lọ́dún 2022 ni ENT 211 àti ENT 312 ti wọ inú ẹ̀kọ́ yunifásítì. Ìtàn lọmọ ń kà o, ìmọ̀ ẹ̀rọ ló ń kà o, yóò kọ́ ìdáṣẹ́sílẹ̀ kó tó jáde. Mo fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ ìjọba ò kárí mọ́, àwa òbí náà sì mọ̀. Ohun tó ń ká mi lára ni bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní ọ̀pọ̀ ibi: èrò kún gbọ̀ngàn fọ́fọ́, olùkọ́ ń ka ìwé, ọmọ ń há a sórí, tó bá dọjọ́ ìdánwò, wọ́n á mú nínú A, B, C, D. Ẹni tó gba máàkì tó pọ̀ jù níbẹ̀ lè má tíì ta gúgúrú rí láyé ẹ̀.

Ẹ wá wo ibi tí àwọn ọmọ wa ti ń kọ́ òwò ní tòótọ́. Lọ́dún 2009, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, yanṣẹ́ lódì, Ifẹ̀ dá páropáro. Àsìkò yẹn làwọn ọmọ OAU mẹ́ta, Ayọ̀dèjì Adéwùnmí, Ọlálékan Olúdé àti Ọ̀pẹ́yẹmí Awóyẹmí, dá Jobberman sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó ń wáṣẹ́ lè rí ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́. Ní 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, ASUU tún ti ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba pa. Ní Gbàgádà níbí, ilé tí ẹ bá wọ̀, ọmọ kan ń ṣe kéèkì, èkejì ń ta òkìrìkà lórí WhatsApp. Mi ò yin ìyanṣẹ́lódì o. Oṣù mẹ́jọ kì í ṣe ọjọ́ mẹ́jọ nínú ayé ọmọ. Àmọ́ ilé ẹ̀kọ́ tó tilẹ̀kùn fún wọn ní ohun méjì tí èyí tó ṣílẹ̀kùn kì í fún wọn: àyè, àti oníbàárà tó ń fi owó ara ẹ̀ rajà. Nígbà tí iléèwé wọlé padà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló pa òwò náà tì.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ dórí iṣẹ́ gan-an. Láti Gbàgádà, Ṣómólú ò jìnnà, ibẹ̀ sì nilé àwọn atẹ̀wé. Ká ní ọmọ kan gba iṣẹ́ jọ́tà 100 fún ìgbéyàwó, ₦800 lọ́kọ̀ọ̀kan. ₦80,000 nìyẹn, inú ẹ̀ ń dùn. Ó dé Ṣómólú: bébà àti títẹ̀ gba ₦55,000, gígé àti ọ̀rá tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ èèpo gba ₦8,000, ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ gba ₦3,000. Ó ku ₦14,000. Ni èèpo bá jáde, àwọ̀ wáìnì tí ìyàwó fẹ́ ti di pupa fòò, torí àwọ̀ ojú fóònù kì í ṣe àwọ̀ inú íǹkì. Àtúntẹ̀ èèpo, ₦12,000. ₦2,000 ló kù lọ́wọ́ ẹni tó fi òru ya àwòrán, ìyẹn tí ìyá ìyàwó ò bá ní kó dẹ̀yìn ayẹyẹ kó tó wá gbowó.

Gbólóhùn méjì péré ni ọ̀gá atẹ̀wé ìbá fi gbà á: gba àsansílẹ̀, kó o sì jẹ́ kí oníbàárà fọwọ́ sí ẹ̀dà kan kí ẹ̀rọ tó yí. Ẹ mú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ wọ gbọ̀ngàn, kẹ́ ẹ sì sanwó fún un bẹ́ ẹ ṣe ń san fún olùkọ́.

Ṣómólú yìí kan náà ni Alájọ Ṣómólú ti gbàjọ. Wọ́n ní kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, síbẹ̀ kì í ṣi owó san. Orí yẹn ò wọ́pọ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ra ìwé tẹ́ ẹ ó máa kọ owó sí. Owó oúnjẹ, owó iléèwé àti owó òwò ò gbọ́dọ̀ jọ wà nínú àpò kan.

Ìwé yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí yunifásítì fi dán wọn wò. Kí ìdánwò orí bébà gba máàkì 30, kí ìwé owó sáà kan gba 70: ohun tó wọlé, ohun tó jáde, àwìn tí ò tíì wọlé. Ẹni tó pàdánù, tó sì lè tọ́ka sí ibi tí owó gbà lọ, ẹ jẹ́ kó yege dáadáa. Ẹni tó jèrè àmọ́ tí ò mọ bó ṣe jèrè, kó tún un ṣe.

Àwọn kan á ní ayédèrú làwọn ọmọ máa kọ. Àwọn kan á kọ ọ́ lóòótọ́. Ṣé wọn kì í jíwèé wò nínú A, B, C, D ni? Kí olùkọ́ mú oníbàárà mẹ́ta nínú ìwé náà, kó pè wọ́n lórí fóònù, kó bi wọ́n pé èló ni wọ́n ra ọjà náà, ṣé ó dé lásìkò, ṣé wọ́n á tún rà á.